Ẹ̀bẹ̀ Lórí Okir Ọmọ Mi, Tí Wọ́n Mú Nítorí Ìròyìn Ẹnu Kànga

Kànga Yoider,
Ẹ̀yìn Òkè Elba.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Bélú, 2014.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Àgọ́ Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ibodè,
Etí Òkun.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌTÚSÍLẸ̀ OKIR HUMMAD, TÍ WỌ́N FẸ̀SÙN AMÍ KÀN

1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sí àdírẹ́sì mi. Ìjọba àríwá, tí í ṣe tiyín, ló ń ṣàkóso wa. Ìjọba gúúsù ń pariwo lórí rédíò pé àwọn ló ni wá, bẹ́ẹ̀ wọn kò gbẹ́ kànga kan fún wa rí. Bí mo bá kọ orúkọ ọ̀kan, ẹ̀rù èkejì ń bà mí.

2. Èmi ni Medina, opó Hummad Karrar, ará Bisharin, àwa darandaran inú aṣálẹ̀ yìí. Okir nìkan ni ọkùnrin tó kù nínú àgọ́ mi.

3. Ní Àlàmísì tó kọjá, Okir ń fún ràkúnmí lómi nígbà tí àlejò kan dé láti gúúsù, tó ní, “Àbúrò, ṣé àlàáfíà lẹ wà? Kí ni ìròyìn?” Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ̀ pé bí ẹni méjì bá pàdé lẹ́nu kànga, ìbáà jẹ́ ọ̀tá, wọn yóò jókòó, wọn yóò sì ro ìròyìn fún ara wọn láìfi ọ̀kan pamọ́. Lójú tiwa, ẹni tó bá fi ìròyìn pamọ́ kò sàn ju ẹni tó fi omi du aláìsàn. Okir sọ ibi tí òjò ti rọ̀, ó sọ ẹni tó kú, ó sọ ẹni tó bímọ. Ó tún ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gba ẹnu àfonífojì o! Àwọn ṣọ́jà ti pàgọ́ tuntun síbẹ̀, ajá wọn sì ń lé ràkúnmí. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ gbà.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

4. Àwọn ọmọ ogun yín mú àlejò náà lójú ọ̀nà ọwọ́ òsì. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó júwe ọ̀nà fún un. Ọmọ tiwa lòun náà, kò fi ìròyìn pamọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Okir, ó se kọfí fún wọn, wọ́n ní kí ni ìròyìn, ó sì tún gbogbo rẹ̀ rò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni wọ́n wá ń pè ní ìjẹ́wọ́.

5. Èèwọ̀ ni fún obìnrin wa láti fún wàrà. Ọmú àwọn ewúrẹ́ mi ti wú, wọ́n ń ké, àwọn ọmọ-ọmọ mi náà ń ké. Mo bẹ Oshek, aládùúgbò mi, pé kó wá bá wa fún un. Ó ní, “Ìyá Okir, ẹ forí jì mí. Bí wọ́n bá rí mi lágọ̀ọ́ yín, wọ́n á ní èmi náà gbọ́ ìròyìn.” N kò bá a wí, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á ló ń bà mí. Lẹ́nu kànga, kálukú ń dorí kodò. Lánàá, ọkùnrin kan kọjá pẹ̀lú ẹran rẹ̀, ó forí lé kànga kan tó ti gbẹ. Kò bi wá ní ìròyìn, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. A kò tíì rí i kó padà.

6. Mo gbọ́ pé ní Àbámẹ́ta, wọn yóò fi ọkọ̀ gbé Okir lọ sí olú-ìlú. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò sùn mọ́. Bí ẹ bá gbé e lọ, ta ni n ó ké sí? Bí mo bá ké sí ìjọba gúúsù, ẹ ó ní amí ni lóòótọ́. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ tú u sílẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó gbéra.

7. Lẹ́tà yìí náà, ìròyìn ni. Mo ti sọ ibi tí àgọ́ ṣọ́jà wà nínú rẹ̀, mo sì ti sọ ti ajá. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni èmi àti ọmọ mi ṣẹ̀. N kò ní sá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bọ̀ wá mú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Okir dání, kó bá mi fún wàrà fún àwọn ọmọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ọ̀rọ̀ ìyá kan dópin.

Èmi ni tiyín tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù,

Medina Onur,
Ìyá Okir.