Ìwé Àdúrà Tí Mo Jí

Ẹ̀gbọ́n Lupe tó ń bá wa ka lẹ́tà lórí rédíò, mo kí yín láti erékùṣù Vava'u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi Seini máa ń jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, tí á máa ka ìwé àdúrà kékeré kan. Kò ní fóònù, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Màmá á ní, "Wo ojú ẹ̀gbọ́n ẹ, ó tutù bí omi àmù. Ìwọ fajú ro bí ẹlẹ́dẹ̀ tí ò tíì jẹun!"

Owú jẹ mí débi pé mo jí ìwé náà. Mo kà á fún ọjọ́ mẹ́fà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo rò pé Seini á sunkún. Ó kàn ń jókòó síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù!

Lánàá ó ní, "Olè mi kékeré, ibo lo kà á dé?" Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi. Mo sá lọ.

Láàárọ̀ yìí, àyè yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ dá ìwé padà ni, àbí kí n kọ́kọ́ jókòó?