Téèpù Tí Nọ́ńbà Rẹ̀ Pa Rẹ́

Aránṣọ wa, ìwọ tí àwọn ọmọdé ń pè ní Aǹtí Téèpù nítorí téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ, ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́ta! Ẹnu ṣì ń yà wá.

Ṣé lẹ́yìn tí ara ti padà ló yẹ kí o lọ? Ìwọ tí oúnjẹ ti di ọ̀tá rẹ tẹ́lẹ̀, tí ò ń febi pa ara rẹ kí o má baà sanra, ti ń jẹun lójú wa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti kún. Ilé ìwòsàn gbé ọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ní o ti pé ìwọ̀n, kí o máa lọ sílé. Ìyá rẹ jó láti ẹnu géètì dé yàrá. Gbogbo àdúgbò ń kí ọ pé o ti sanra, o ti ń dán. O rẹ́rìn-ín. Oṣù yẹn ò tíì parí tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, o ò jí. Dókítà ní ebi ọjọ́ pípẹ́ ti lo ọkàn rẹ gbó kí ara tó padà. Háà!

Ọjọ́ tí àbúrò rẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹ̀rù bà wá jù. O ti kọjú dígí àwọn oníbàárà sí ògiri. Téèpù tuntun tí o rà lẹ́yìn ilé ìwòsàn wà lórí tábìlì, nọ́ńbà ti pa rẹ́ níbi tí ìka rẹ máa ń dì mú tí o bá fi wọn ọrùn-ọwọ́ rẹ. Ara rẹ lo ń wọ̀n láàárọ̀, lálẹ́! Ara ti dé ilé, ìwọ ò tíì dé. Èrò tó ń pariwo fún ọ pé o tóbi jù ò dákẹ́ rárá.

Ṣọ́ọ̀bù ò tì o. Àbúrò rẹ ti fi ẹ̀rọ kan kún tìrẹ, ó sì ṣì ń gbàgbé ojú bọ́tìnnì. Ọmọ rẹ obìnrin ti ga ju ìyá rẹ lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Lọ́dún yìí ló dúró níwájú dígí, ó ní ikùn òun yọ jù, ó ti abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn. Àyà wa já! Ìyá rẹ ò pariwo, kò sì kí i pé ó sanra. Ó jókòó tì í, ó bi í pé kí ló ń rò, ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì mú un lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ìrònú. Wọ́n ṣì ń lọ. Ó ń jẹun. Ó ń sọ̀rọ̀, àní ó ti ń sọ ọ́ jù.

Téèpù yẹn wà lọ́wọ́ ìyá rẹ. A ò fi wọn ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọ wa, àárò rẹ ń sọ wá. O sanra o, o rù o, ìwọ la fẹ́, ìwọ náà la ṣì ń wá kiri inú ilé.