Ẹni Tó Ń Béèrè Kó Tó Kọ: Ìgbésí Ayé Màmá Oníbéèrè

Inú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú ọ̀nà ńlá ni a ti bí màmá wa ní ọdún 1949. Awakọ̀ èrò ni bàbá wọn, ọmọ àgbẹ̀. Aránṣọ ni ìyá wọn, láti ìdílé àwọn káfíńtà àti bíríkìlà. Ọmọ kan ṣoṣo ni màmá jẹ́ fún òbí wọn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn tó ti ọmọ mẹ́fà. Kí ni ìyẹn? Kí ló dé? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá wọn bá sọ wọ́n ní Oníbéèrè, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára débi pé àwọn olùkọ́ pàápàá gbàgbé èyí tó wà nínú ìwé. Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ní ti màmá wa, ká ní ìyá wọn ríbi sá sí ni, wọn ì bá ti sá.

Ní ọdún 1966, tí màmá wà ní ọdún tó kẹ́yìn nílé ìwé girama, bíréékì ọkọ̀ bàbá wọn já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bàbá rí àwọn èèyàn tó dúró ní ibùdókọ̀ níwájú, wọ́n sì yí ọkọ̀ náà lu ògiri. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló yè. Bàbá nìkan ni kò yè. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìwé ìròyìn àdúgbò gbé e jáde pé awakọ̀ náà sùn lọ lórí ìjókòó. Ìyá màmá kà á, wọ́n ká ìwé náà ní méjì, wọ́n fi í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì wọ́n láti jáde síta.

Màmá wọ aṣọ ilé ìwé, ó di ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Wọ́n kọjá lára àwọn tó ń tẹ̀wé, wọ́n wọlé tọ olóòtú lọ, wọ́n kí i, wọ́n sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bàbá mi, ta lẹ bi?" Olóòtú pe ẹni tó kọ ìròyìn náà. Kò bi ẹnì kankan. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ ló rò pé awakọ̀ sùn, òun náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ìtọrọ àforíjì náà ti jáde, pẹ̀lú bí bàbá náà ṣe kú gan-an. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀dà kan wá sílé fún opó. Bó ṣe ń lọ, ó yíjú sí màmá. "Tó o bá parí ìwé ẹ, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìbéèrè tó o bi wá yẹn, àwa ló yẹ ká ti máa bi ara wa." Títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí ń yà wá lẹ́nu. Ẹni tí a ṣẹ̀ lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ó sì di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ yunifásítì níbẹ̀, nítorí ẹni tí ì bá rán wọn lọ ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Agbaṣẹ́ṣe nítorí ilé kíkọ́ ni iṣẹ́ wọn, ti gba ìyá àtọmọ sí yàrá méjì lẹ́yìn ilé wọn. Àwọn ló san owó ìdánwò girama màmá, wọ́n sì fẹ́ràn màmá bí ọmọ inú ara wọn.

Ọdún 1967 ni màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́. Bébà tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé láti yàrá ìtẹ̀wé lọ bá àwọn tó ń wá àṣìṣe. Láàárọ̀, wọ́n á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn, wọ́n á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kọ ọ́ pé inú bí ọkùnrin kan. Olóòtú ní, "Ṣé o wà nínú inú ẹ̀ ni? Kí lo rí?" Màmá ronú, wọ́n ní ó gbá tábìlì. Olóòtú ní, "Gbígbá tábìlì ni kó o kọ." Àwọn akọ̀ròyìn tó ti yunifásítì dé a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, màmá a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ kọ́ mi ní ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀." Ọ̀kan kọ́ wọn bí a ṣe ń yára kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Abéèrè kì í ṣìnà.

Nítorí ọ̀rọ̀ bàbá màmá, olóòtú ti ṣòfin kan: ìròyìn tó bá kan ẹnì kan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé a padà lọ kà á fún ẹni náà. Òfin yìí ló wá ká màmá mọ́ ní ọdún 1970. Ilé ìwé alájà méjì kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó pa lébìrà méjì. Màmá dúró nínú eruku, wọ́n bi bíríkìlà, wọ́n bi ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì, wọ́n bi ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó kú. Ọ̀rọ̀ gbogbo wọn bára mu: irin tín-ín-rín, yanrìn pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún ẹni tó gba iṣẹ́ náà. Bàbá Agbaṣẹ́ṣe ló gba iṣẹ́ náà.

Olóòtú ní kí màmá fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Màmá ní, "Sà, ẹlòmíràn á kọ ọ́ bíi pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í ṣèèyàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan." Olóòtú gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ fún àwọn òǹkàwé pé ẹ̀gbọ́n ìyá akọ̀ròyìn ni agbaṣẹ́ṣe náà.

Abẹ́ òrùlé Bàbá ni gbogbo ohun tí màmá ní láyé wà: ìyá wọn, ibùsùn wọn, oúnjẹ wọn. Nírọ̀lẹ́, wọ́n wọ pálọ̀ Bàbá, wọ́n dúró, wọ́n ka ìròyìn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá kò dá wọn dúró. Nígbà tí wọ́n parí, màmá ní, "Bàbá, èwo ni irọ́ níbẹ̀? Mo fẹ́ yọ ọ́."

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn, wọ́n ní, "Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé mi lo ti ń jẹun."

Ìyá màmá bú sẹ́kún níbi tí wọ́n jókòó sí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló bò wá láṣìírí. Ọmọ yìí, ṣé òtítọ́ lo máa jẹ?" Màmá ká bébà náà, wọ́n gbé e padà lọ fún olóòtú.

Ìròyìn náà jáde. Ẹjọ́ dé kóòtù, Bàbá sì lọ sẹ́wọ̀n. Màmá àti ìyá wọn kó lọ sí yàrá kan tí òjò ń jò sí, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí ìyá tó bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bàbá fi ọmọ mẹ́rin sílé. Láti orí owó oṣù àkọ́kọ́ tí màmá gbà gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn ni wọ́n ti ń bá wọn san owó ilé ìwé. Lóṣooṣù, màmá ń lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, Bàbá kì í jáde sí wọn. Màmá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí àkókò á fi tó, wọ́n á fi ọṣẹ àti búrẹ́dì sílẹ̀, wọ́n á máa lọ. Ó pẹ́ kó tó di ọjọ́ tí Bàbá jáde sí wọn. Bàbá jókòó sí òdìkejì, kò béèrè ọ̀rọ̀ ilé, kò béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ. Wọ́n ní, "Ìyàwó lébìrà yẹn, báwo ló ṣe ń ṣe?" Màmá sọ ọ́ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn gbọ́ lẹ́nu ènìyàn láyé, èyí ló wúwo jù.

Nígbà tí Bàbá ti ẹ̀wọ̀n dé, ilé kéékèèké ni wọ́n ń kọ́. Kí wọ́n tó da sìmẹ́ǹtì sórí irin èyíkéyìí, wọ́n á ránṣẹ́ sí màmá: "Wá wo irin o, kó o má baà tún máa bi mí." Ní ọdún 1976, tí màmá fẹ́ ayàwòrán ilé iṣẹ́ wọn, ọwọ́ Bàbá ni wọ́n dì mú wọ ilé ìsìn. Nípa ti ọkọ náà, a gbọ́ pé olóòtú rán an tẹ̀ lé màmá lọ ya iná tó jó ilé ìtajà kan, ó sì mú fíìmù kan gbáko padà tó jẹ́ ojú màmá nìkan.

Ọdún 1988 ni màmá di olóòtú, ẹni àkọ́kọ́ tó ti ipò ọmọ iṣẹ́ dé àga náà nílé iṣẹ́ yẹn. Nínú ìjọ, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n, àmọ́ pásítọ̀ a máa gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde bí ìwàásù ọjọ́ náà bá mú ìbéèrè lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ní gbogbo Sátidé ni pálọ̀ wọn ń kún fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìròyìn, ẹni tó ní dìgírì àti ẹni tí kò ní. Kò sí ẹni tí màmá lé padà.

Màmá sùn lọ nílé wọn, láìsí ìrora, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé, ọmọ mẹ́ta, akọ̀ròyìn kan, nọ́ọ̀sì kan àti olùkọ́ kan, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje àti àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Bàbá Agbaṣẹ́ṣe.

Nígbà tí à ń ṣètò ìwé ìsìnkú yìí, àwa ọmọ fẹnu kò pé kí a yọ ọ̀rọ̀ ilé tó wó kúrò, nítorí àwọn ọmọ Bàbá tí yóò jókòó síwájú lónìí. A lọ fi tó wọn létí. Àkọ́bí wọn, tó ti di ìyá àgbà báyìí, gba bébà náà lọ́wọ́ wa, ó ní ká má dán an wò. "Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti yọ ọjọ́ tí bàbá wa di olóòótọ́ nìyẹn."

A kò yọ ọ́. Sùn re o, Oníbéèrè. Ibi tí o lọ, kí wọ́n dá ọ lóhùn gbogbo èyí tó kù tí o fẹ́ bi wọ́n.