Àkísà Etí Ilẹ̀kùn

Mọ́ńdè, 3 Máàṣì
Eèrà ti dé láti ọsíbítù. Àbúrò mi tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò ju ìka lọ. Agogo iléèwé dún lójijì, ọmọ náà ṣubú lulẹ̀ — ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Wọ́n ní wárápá ni. Irọ́.

Dókítà yàwòrán fún Màámi lẹ́yìn káàdì. Ó ní ọkàn èèyàn, ẹyọ tín-ín-tín ló pọ̀ jọ tó di odindi. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ní awọ, awọ náà ló ní ilẹ̀kùn. Iná ló ń ṣí wọn, iná tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Iná bá kàn án, ilẹ̀kùn kan á ṣí, iyọ̀ á wọlé, ọkàn á sọ kì. Ìyẹn á tì. Òmíràn á ṣí, iyọ̀ oríṣi kejì á jáde, ọkàn á sinmi. Ti Eèrà, ilẹ̀kùn àbájáde yìí ló ń lọ́ra. Bí ariwo bá já lù ú kó tó ṣe tán, gbogbo ẹ̀ á dà rú. Ó ní, "Oògùn nìkan ò tó o, màmá, kò gbọdọ̀ ta gìrì."

Mo sọ dókítà ní Onílẹ̀kùn.

Eèrà ní, "Àǹtí mi, àṣé ọ̀lẹ ni ilẹ̀kùn mi bíi yín." Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún bínú.

Túsìdè, 4 Máàṣì
Màámi, télọ̀ ilé wa, gé àkísà, ó ká a mọ́ etí gbogbo ilẹ̀kùn kó má baà dún. Ó yọ bátìrì aago. Ó ní, "Ìwọ tí o máa ń fi ilẹ̀kùn bá èèyàn jà, mo ti kìlọ̀ fún ẹ o." Èmi náà ni. Èmi ṣáá ni.

Wẹ́sìdè
Gbogbo ilé ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí olè.

Tọ́sìdè, 6 Máàṣì
Àkísà ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn yàrá mi tì dáadáa. Ẹni tó bá wù ú á yọjú. Níbo ni kí n ti kọ ìwé mi? Mo yọ ọ́. Aṣọ búlúù, olódòdó. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Màá dá a padà lọ́la.

Sátidé
Mi ò tíì dá a padà.

Sọ́ńdè, 9 Máàṣì
Ọ̀sán. Màámi ní kí n fọ abọ́. Mo ní ṣé torí pé ọkàn tèmi ò ṣàìsàn ni mo ṣe di ẹrú. Ó ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀. Mo wọ yàrá, mo — ọwọ́ mi ni.

Gbàgà.

Eèrà ń sùn ní yàrá kejì.

Túsìdè, 11 Máàṣì
A sin ín lánàá.

Fúráìdè, 14 Máàṣì
Èrò ń wọlé, èrò ń jáde. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n á béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Màámi ní afẹ́fẹ́ ló gbá ilẹ̀kùn.

Ewé kan ò mì lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Iná kan ẹnu mi, kò ṣí.

Mọ́ńdè, 17 Máàṣì
Mo ṣí ìwé yìí. Àkísà búlúù wà nínú ẹ̀, lójú ewé Tọ́sìdè. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ká a sí mẹ́rin.

Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀.

Ìyá ilé kejì dé láàárọ̀ yìí, ó tún béèrè. Màámi ní, "Afẹ́fẹ́ ni, ìyá." Ojú mi ló ń wò. Ó ní kí n lọ bu omi wá fún àlejò. Mo dìde.

Ó ní, "Rọra ti ilẹ̀kùn o."