Omi Tí Bọ̀dá Ráṣídì Bù fún Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ó pé ọdún kan lónìí tí a sin yín. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ní Yábàá. Ibi tí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ṣẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wa. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé Ọlọ́run ló dá a mọ́ wa, àwọn kan gbà pé làákàyè ló fi hàn wá, àwọn mìíràn fi í sórí àdéhùn àárín ìlú. Ẹ̀yin ni mo ń rò. Ìwé mẹ́fà péré lẹ kà, síbẹ̀ ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni wí lórí ìdúró ní ìsọ̀ páàtì ọkọ̀ yín ní Ládìpọ̀. Ẹ ó fún un ní àga, ẹ ó ṣan ife lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó bu omi fún un, kí ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Lójú mi nígbà yẹn, ẹ kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Inú máa ń bí mi ní kíláàsì sí ìtàn àwọn ṣọ́jà ayé ìjọba ológun tó ń ti èèyàn mọ́lé láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Àṣé èmi náà ò sàn jù wọ́n lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo lé Bọ̀dá Ráṣídì kúrò ní ìsọ̀, ẹni tó ti ń bá yín tajà kí n tó mọ ìwé kà. Mi ò rí kábúrétọ̀ kan lórí pẹpẹ, mo sì pè é lólè níṣojú gbogbo àwọn tí ìsọ̀ wa jọ wà pa pọ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mi ò jẹ́ kó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mẹkáníìkì kan gbé kábúrétọ̀ náà dé. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń gbé páàtì lọ dán wò, tí kò bá bá ọkọ̀ mu, wọn á dá a padà. Bọ̀dá Ráṣídì ló gbé e fún un. Ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn.

Àná ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ ní Muṣin. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wọlé. Ó gbé àga fún mi. Ó ṣan ife lẹ́ẹ̀mejì, ó bu omi fún mi, ó sì jókòó láti gbọ́ tẹnu mi. Mo gbé ife náà dání. Mo rojọ́ tán, mi ò tíì mọ̀ bóyá á padà wá.

Bàbá, ṣé ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ìwà yìí ni, àbí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó jogún ìsọ̀, tí kò tíì jogún ìwà.