Ọkọ̀ Aláfẹ́fẹ́ Tí A Rà Nítorí Ikùn Mi

Erékùṣù Inis Gaoithe,
Oṣù Kẹwàá.

Nóirín ọmọ mi,

Mo lóyún. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri bí ẹni gbé ẹyin sápò, gbogbo ìgbà tí o bá sì pè mí lórí fóònù, òjò ni mò ń ròyìn fún ọ. Mo mọ̀ pé ojú lè tì ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní yunifásítì, pé ìwọ ń ra ìwé, ìyá rẹ ń ra ìtẹ́dìí ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo bí ọ, n kò tíì pé ogójì, nọ́ọ̀sì sì ní kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Bàbá rẹ ń yan kiri èbúté bí àkùkọ, bí ẹni pé òun ló ń bì láràárọ̀.

Ó wá yá, jẹ́ kí n kí ọ bó ṣe yẹ kí ìyá kí ọmọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé yàrá yẹn kò tutù jù? Ṣé ò ń wọ súwẹ́tà tí mo hun fún ọ, àbí o fi í ṣe ìnusẹ̀? Kí Màríà Wúńdíá tó ń ṣọ́ etíkun wa bá mi ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ ní títì ìlú Galway, kí mọ́tò má ṣe rí ọ, kí olè má mọ orúkọ rẹ, kí ìdánwò rí ọ kó sá. Àmín. Bàbá àgbà Peadar ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ajá rẹ náà lóyún, kí o má baà rò pé èmi nìkan ni.

Nóirín, òkun ló ń já mi láyà. Ìparí oṣù kìíní lọmọ yóò dé, ìwọ náà sì mọ bí omi wa ṣe máa ń ya wèrè nígbà yẹn. Lọ́dún tó kọjá ọkọ̀ èrò kò wá fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, hẹlikọ́pítà kò rí ilẹ̀ bà nítorí kùrukùru, bẹ́ẹ̀ ni Bairbre aládùúgbò wa ṣe bímọ sórí tábìlì ilé ìdáná, tí ọkọ rẹ̀ sì dákú lu ìkòkò ànàmọ́. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ sí ọjọ́ tí mi ò ní lè dé ọsibítù tí ìrọbí bá mú mi. Bàbá àgbà ní ṣebí currach wà, ọkọ̀ aṣọ wa tí a fi ọ̀dà dúdú kùn, inú rẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá òun sí. Mo bi í pé ṣé ìyá wọn dé ọsibítù. Ó ní rárá o, àárín omi ni wọ́n ti bí òun. Ni bàbá rẹ bá dìde, ó ní ọ̀rọ̀ bùṣe, ó ta àwọn màlúù, a lọ sí Galway láti ra ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà aláfẹ́fẹ́. (A kò yà sọ́dọ̀ rẹ nítorí pé ikùn mi ti yọ. Má bínú.)

Yíyan ọkọ̀ yìí le ju yíyan bàbá rẹ lọ, nítorí ti bàbá rẹ, eyín rẹ̀ àti ijó rẹ̀ nìkan ni mo wò. Ọmọkùnrin onípòmáàdì kan tó ń ta ọkọ̀ ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn wá, ó rọ̀ látòkè délẹ̀ bí ibùsùn. Mo ní tí ìgbì bá ta á láti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ó ní á bá ìgbì tẹ̀. Mo ní èmi náà mọ̀ ọ́n tẹ̀, èyí tí kì í tẹ̀ ni mo wá rà. Ẹnì kejì ni Dónal, ọkùnrin onímú wíwọ́ tó ti fi irú ọkọ̀ yìí yọ àwọn tó ń rì lómi rí. Ó mú wa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀: ìdí rẹ̀ le koko, ó mú ṣóńṣó bí àáké láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní àáké yẹn ló ń la ìgbì, rọ́bà tó yí i ká ni kì í jẹ́ kó dojú dé. Ó ní yàrá márùn-ún ló wà nínú rọ́bà náà, tí ọ̀kan bá bẹ́, mẹ́rin á gbé wa délé. Mo bi í pé èwo nínú wọn ni ti ìkókó. Ó ní ọmọ kankan kò lè wọ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbé ibẹ̀, Nóirín, nǹkan ìfiṣòfò!

Ìjókòó rẹ̀ dà bí gàárì ẹṣin, kí orúnkún lè máa gba ìjó ìgbì dípò ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Dónal wo ikùn mi, ó sì de ọ̀kan tó nípọn mọ́ ọwọ́ ẹ̀yìn fún mi, ó ní ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í fò tó iwájú. Okùn pupa kan sì wà tí awakọ̀ ń so mọ́ itan. Bí awakọ̀ bá já sómi, kíá ni ẹ́ńjìnnì á kú. Mo sunkún níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó mọ ọ̀gá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀! Ajá wa kò lè ṣe é, oúnjẹ ló máa jẹ lọ.

Ìgbà tí ọkọ̀ dé èbúté wa, àwọn ọkùnrin erékùṣù tò, wọ́n fẹ́ dojú rẹ̀ dé kí wọ́n fi orí gbé e bí a ti ń gbé currach. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mí hẹ̀ẹ̀, ọkọ̀ kò mira. Wọ́n ní ó ti gbọ́ èdè Galway jù, ìgbéraga ń bá a jà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Mo pe Dónal pé ọkọ̀ ń ṣàìsàn. Ó ní òtútù ló mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sún kì, oòrùn á wò ó. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, lọ́sàn-án ó ti wú. Nóirín, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń wú.

Àmọ́ bàbá àgbà ti gbọ́ pé ó rọ̀. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ tí kò lọ́dà ìhòòhò ló wà. A lọ sí ìsìn Máàsì, kí a tó dé, ó ti fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Mo pe Dónal lórí fóònù, ó ní ká má jẹ́ kó gbẹ o, ká fi bọ́tà nù ún, ká fi ọṣẹ tẹ̀ lé e. Gbogbo obìnrin àdúgbò gbé bọ́tà jáde. Bairbre ní láti ọjọ́ tí òun ti lọ́kọ, wọn ò kẹ́ òun tó báyìí. Bàbá rẹ fi bàtà ìsìn gun orí ọkọ̀, ó yọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó bọ́ sómi. Wọ́n ní ó dára tí okùn pupa kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ì bá ti kú ikú òjijì. A rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi ta ìpá nínú mi, àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, afẹ́fẹ́ le, ọkọ̀ èrò yí padà lójú omi. Bàbá rẹ ní òní gan-an la ó dán an wò. Ó gbé bàbá àgbà sórí ìjókòó mi, ó so àpò ànàmọ́ mọ́ ọn níkùn dípò oyún. Mo di ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mú ní èbúté. Ìgbì gbé wọn mì, ó pọ̀ wọ́n, ó gbé wọn mì, n kò rí wọn mọ́. N kò mọ iye àdúrà tí mo gbà. Nígbà tí fóònù dún, bàbá rẹ ló ń pariwo pé àwọn ti dé òdìkejì, ànàmọ́ kan kò bó, bàbá àgbà ti ń mu tíì, ó sì kọ̀ láti tú àpò sílẹ̀, ó ní òun ṣì wà nínú oyún. Mo jókòó sórí òkúta, mo sì jó ní ìjókòó.

Nítorí náà mo mọ̀ pé màá kọjá. Ohun tí n kò mọ̀ ni ẹni tí màá bá ní èbúté òdìkejì. Bàbá rẹ ní láti di ọkọ̀ mú kí ìgbì má baà fọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ kò ní sí fún mi. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ dì mú, Nóirín. Bí ojú bá ń tì ọ́, fi ìborí bo orí wá. Bí owó bá sì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ níbi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí ò ń ṣe yẹn, bá mi wá ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, èyí tó kéré jù lọ láyé, nítorí ọmọ á ní láti padà wálé.

Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, kó le lábẹ́ rẹ. Ẹni tí o bá sún mọ́, kó ṣe ọ́ lóore. O ò ní ṣìnà, o ò ní ṣìṣe, ilé kò ní jìnnà sí ọkàn rẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Sorcha.

Jọ̀ọ́, tètè dá mi lóhùn, kí n mọ̀ bóyá wàá wà níbẹ̀.