Ellinor Husted Lauridsen (1952–2024): Ìyá Tí Wọ́n Ní Ara Rẹ̀ Kì í Gba Ọmọ

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1952 ni a bí Màmá Ellinor ní ìlú Thyborøn, létí òkun, sínú ìdílé Thøger Husted, apẹja, àti Dagny ìyàwó rẹ̀, ọmọ bíbí ìlú Harboøre. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ méjì. Àbúrò rẹ̀, Jytte, jókòó láàárín wa lónìí, òun ló sì sọ pé bí a bá máa kọ ìtàn yìí, kí a kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní ọdún 1959. Orí rẹ̀ pé gan-an nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dojú dé ní ọdún 1963, bàbá náà kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì kú sómi bí gbogbo ìlú ṣe ń wò ó láti èbúté. Ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wọ ilé-iṣẹ́ ẹja, níbi tí ó ti ń la ẹja ṣáwá fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Ọ̀bẹ rẹ̀ yá ju ti àwọn ọkùnrin lọ.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1974, ó fẹ́ Ejvind Lauridsen, apẹja bíi bàbá rẹ̀. Láàárín ọdún 1975 sí 1983, oyún márùn-ún ni ó ní, gbogbo wọn ni ó sì wálẹ̀ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà. Láyé ìgbà náà, irú wọn kò ní orúkọ nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì ní sàréè. Nígbà kan, ó bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó jẹ́ kí òun wo inú abọ́ tí ó ń gbé lọ. Nọ́ọ̀sì fa aṣọ bò ó, ó ní, “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa wò, ìyàwó.” Wọn kò sọ fún un bóyá akọ ni tàbí abo.

Ní ọdún 1981 ni dókítà àgbà kan ní ilé-ìwòsàn ńlá sọ fún un, nígbà tí ó ń wá gègé rẹ̀ kiri orí tábìlì, pé: “Àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ yín tó ń bá àrùn jà ò mọ ọmọ yàtọ̀ sí àrùn, Ìyáàfin Lauridsen. Àwọn ló ń pa á.” Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Nígbà tí Kirstine, ìyá ọkọ rẹ̀, gbọ́, ó sọ ọ́ níwájú gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì nídìí kọfí tí Ellinor fúnra rẹ̀ sè: “Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gan-an ò fẹ́ràn ọmọ mi. Kí la tún ń wá?” Gbogbo wọn mu kọfí náà tán.

Ní ọdún 1983, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Ejvind, wọ́n yọ àwọn sójà inú rẹ̀, wọ́n sì gún wọn sí apá Ellinor, kí ara rẹ̀ lè mọ ọkọ rẹ̀. Apá náà wú, ó sì ń yún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oyún karùn-ún wálẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ìjà kékeré kan bẹ́ sílẹ̀ lórí àwọ̀n tútù tí Ejvind jù sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, Ejvind sì wí pé, “Ọmọ márùn-ún lo pa fún mi, Ellinor.” Ẹ má ṣe bínú pé a kọ èyí sínú ìwé ìsìnkú. Ejvind ló pàṣẹ. “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀,” ó ní. “Èmi ni mo sọ ọ́.” Màmá kò fi í sílẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò bá a ṣeré mọ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1987, ó bí Dorthe láìlo abẹ́rẹ́, láìlo oògùn. Dókítà kankan kò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Láti ọdún 1985 títí di 2012, Màmá ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lófẹ̀ẹ́, nítorí ikú bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n mu kọfí ọjọ́sí kó ọmọ wọn wá. Ó kọ́ gbogbo wọn. Kì í pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ni ó máa ń jókòó.

Ní ọdún 2009, òun àti Ejvind fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí kan lórí oyún tó ń wálẹ̀. Dókítà Signe Overby, ọ̀dọ́bìnrin kan, ṣàlàyé fún àwọn ìyá tí wọ́n péjọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn sójà tí wọ́n pè ní apànìyàn nínú ilé-ọmọ ló ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ kí ó lè dé ibi ọmọ. Ó tún ní sẹ́ẹ̀lì ọmọ máa ń kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí oyún náà tilẹ̀ wálẹ̀. Màmá na ọwọ́ bí ọmọ ilé-ìwé. “Dókítà, èmi tí ara mi lé wọn jáde ńkọ́? Ṣé ó ku ìkankan nínú mi?”

“A ò tíì mọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ó ń retí títí tí ó fi kú. Ó kọ lẹ́tà ní ọdún 2011, 2014, 2017 àti 2020. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn aláṣẹ ìwádìí fi ń fèsì: òfin kò gbà kí ẹnì kan gbọ́ èsì ti ara rẹ̀. “Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ mi,” ó sọ fún Jytte. “Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ.”

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, jẹjẹrẹ dé. Dorthe lọ bẹ àwọn aláṣẹ náà, Dókítà Signe sì gbèjà rẹ̀. Wọ́n gbà ní oṣù Kọkànlá, ó ku kí ọ̀gá kan fọwọ́ sí i. Ọ̀gá wà ní ìsinmi. Lẹ́yìn náà, Kérésìmesì dé. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó gbẹ̀yìn, Màmá béèrè pé, “Dorthe, lẹ́tà yẹn ti dé?”

“Kò tíì dé, Mọ́mì.”

“Kò burú. Wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́.”

Ó dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 2024. Lẹ́tà dé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì ọmọkùnrin nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ti Ejvind tí wọ́n gún sí i lápá, nítorí wọ́n fi wé ti Ejvind: ìdajì jẹ́ tirẹ̀, ìdajì jẹ́ ti Ellinor. Ọmọ wọn ni. Èwo nínú àwọn márùn-ún ni, ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Èsì náà ti wà nínú fáìlì láti ọdún 2012. Inú ń bí wa, a kò sì ní fi pamọ́ nítorí pé a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn tí Màmá Ellinor fi sílẹ̀ sáyé ni: Ejvind, ọkọ rẹ̀, Dorthe, ọmọ rẹ̀, àti Rasmus ọkọ Dorthe, Asger àti Viola, ọmọ-ọmọ rẹ̀, àti Jytte, àbúrò rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹnìkan tó kù nínú àwọn márùn-ún, ọkùnrin, wà lára rẹ̀ títí dópin, a ó sì sin àwọn méjèèjì pọ̀ lónìí.

Kí ilẹ̀ Thyborøn tù yín lára, Màmá. Ẹ kò pa ẹnì kankan. Ẹ gbé ọmọ yín mọ́ra, kí ẹ sùn re o.